Ṣé ká lu agogo kulintang wọ ohùn dùùrù, àbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wá?

Ẹgbẹ́_Orin

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ́ orin agogo àwọn Maguindanao àti Maranao, àwọn Mùsùlùmí tó ń gbé ní erékùṣù Mindanao ní gúúsù Filipínì. Agogo mẹ́jọ tí wọ́n ń tò sórí férémù, èyí tí wọ́n ń pè ní kulintang, ti dé ọ̀dọ̀ wa. A tẹ dùùrù tì í, kò bá a mu. Ohùn ìkẹta bọ́ sáàárín eyín dùùrù méjì, ìkarùn-ún kò sì yé wa rárá. Olùdarí wa ní ká gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó lù ú wọ dó-rẹ́-mí, àwọn kan ní ká má fọwọ́ kàn án. Àwọn fídíò tí a ń wò náà ò ràn wá lọ́wọ́: nínú òmíràn, agogo ńlá mẹ́rin ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nínú òmíràn, kò sí wọn rárá. Èwo ló tọ́?

---

Etí_Agogo

Ẹ má jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ kankan gbé òòlù sí i. Kò sí ohùn kan pàtó tí gbogbo kulintang gbọ́dọ̀ ní. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ilé méjì lè wà ní abúlé kan náà kí agogo wọn má bára mu, kò sì sí ẹni tó máa torí ìyẹn sọ pé ọ̀kan bàjẹ́. Ohun tí etí wọn ń wá ni bí ohùn ṣe ń gòkè láti ìkíní dé ìkẹjọ, ibi tó ti fò àti ibi tó ti rọra gbé ẹsẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí: agogo tó tóbi jù, tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù, wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń lù ú, èyí tó kéré jù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Orin máa ń rìn láàárín àwọn agogo tó fara kanra. Ẹni tó ń lù á tún ìlà kan ṣe bó bá ṣe wù ú, á gun àwọn kéékèèké lọ, á sì padà sọ̀kalẹ̀. Gbé orin yẹn sórí agogo ẹlòmíì tí àlàfo ohùn rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á ṣì mọ̀ pé sinulog ni, tàbí duyog, tàbí tidtu, àwọn irú orin tí wọ́n ń lù. Ìlù tó gbé orin náà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, pẹ̀lú bó ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀.

Kò sì sí ohun tí ẹ fẹ́ fi dó-rẹ́-mí ṣe nínú ẹgbẹ́ náà. Agogo ńlá tó ń rọ̀ kò bá kulintang mu lóhùn, wọn ò sì fẹ́ kó bá a mu.

---

Alágbẹ̀dẹ_Idẹ

Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n má lù ú wọ dùùrù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọn kì í fi òòlù kàn án. Wọ́n ń fi kàn án, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sì ń ṣe é.

Láti ìbẹ̀rẹ̀: ìda oyin tàbí ìda àbẹ́là ni wọ́n fi ń mọ ara agogo láyé àtijọ́, kí ìda pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà tó dé ọjà. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírun múlọ́múlọ́ kùn ún ní àpòpọ̀ ẹ̀ẹ́dú lílọ̀ àti ẹrẹ̀, ìpele lórí ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì gbẹ nínú oòrùn. Ìpele àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Bí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ á yọ kókó lára idẹ. Wọ́n á gbé e sínú iná, ìda á yọ́ jáde, ẹrẹ̀ á le, á ku ihò tó rí bí agogo. Idẹ yíyọ́ ni wọ́n á dà sí i lẹ́nu. Bó bá ti tutù dé ìwọ̀n, wọ́n á fọ́ ẹrẹ̀ náà kúrò. Tugaya, létí adágún Lanao, ni ìlú tí àwọn Maranao ti ń ṣe iṣẹ́ idẹ jù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fá a mọ́ ni tongkol kàn, ìyẹn fífi òòlù tún ohùn agogo ṣe. Ẹ rí ìdodo tó yọ láàárín agogo yẹn? Bí òòlù bá lù ú láti inú, ohùn á gòkè díẹ̀. Bó bá lù ú láti ìta, á wálẹ̀ díẹ̀. Wọn kì í gbé ohun èlò kankan tì í. Wọ́n á lu gbogbo agogo náà tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á fetí sí i bóyá ó ń gòkè bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, wọ́n á tún padà sí èyí tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Díẹ̀ ni mo wí o. Alágbẹ̀dẹ tí kò mọ agogo máa fẹ́ kó fo odindi ohùn kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òòlù ṣe ń bọ̀ lórí idẹ tútù, idẹ ń le sí i, bó bá sì le jù, á là ní ẹsẹ̀ ìdodo, níbi tó ti tẹ̀. Agogo tó bá ti là níbẹ̀, ìró rẹ̀ á kú kíákíá, á sì máa hó. Ẹ kò lè dá a padà.

---

Ẹgbẹ́_Orin

A dúpẹ́. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú tiwa ti là kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? A tún rí òmíràn tó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ "kolintang" sí i, pákó ló jọ lójú wa. Ṣé ká rà á fún ìdánrawò?

---

Alágbẹ̀dẹ_Idẹ

Ẹ gbé e sórí okùn méjì tí ẹ fà le, ẹ fi ọ̀pá kan ìdodo jẹ́ẹ́. Ó yẹ kí ìró rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kó sì rọra lọ. Bó bá gé lójijì tàbí tó ń gbọ̀n gìrìgìrì, ẹ tan iná sí ẹsẹ̀ ìdodo láti inú àti láti ìta, kí ẹ sì yẹ etí rẹ̀ wò yíká. Ẹ ṣe é fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san owó tó kù.

---

Etí_Agogo

Onípákó yẹn, ti àwọn Minahasa ni, ní àríwá Sulawesi ní Indonéṣíà. Dó-rẹ́-mí ni wọ́n yí i sí. Orúkọ ló jọra, torí àwọn Maranao náà ń pe tiwọn ní kolintang. Ti Minahasa yìí ni UNESCO kọ sílẹ̀ ní 2024 pẹ̀lú balafon, ohun èlò orin onípákó ti Málì, Burkina Faso àti Côte d'Ivoire. Kì í ṣe agogo Mindanao.

Fún ìdánrawò, àwọn Maguindanao ní kulintang a tiniok, irin pẹlẹbẹ mẹ́jọ lórí pákó kékeré. Ti Maranao ni saronay. Ìyẹn ni kí ẹ wá. Ohun tó fi dára ni pé ìró rẹ̀ kéré, ọmọdé lè fi kọ́ ọwọ́ láìdí àdúgbò lọ́wọ́.

---

Ìyá_Ìlù

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ti fídíò, torí ibẹ̀ ni owó yín máa bá lọ. Ẹ̀yà méjì ni ẹ ń wò pọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ti Maguindanao, agogo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ nílò pẹ̀lú ìlù kan: kulintang mẹ́jọ, gandingan mẹ́rin (àwọn agogo ńlá tó ń rọ̀ tí ẹ rí nínú fídíò), agung méjì (agogo ńlá tí etí wọn jìn), babandil kan (agogo kékeré), àti dabakan tí í ṣe ìlù aláwọ. Ènìyàn márùn-ún tó o. Ẹ lè fi ẹnì kẹfà kún un bí ẹni méjì bá fẹ́ pín agung lù. Bí ẹ bá fẹ́ ti Maranao, agogo mọ́kànlá ni pẹ̀lú ìlù, torí wọn kò ní gandingan. Agung wọn méjèèjì sì ní olùlù tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìwọ̀n wọn: agogo kulintang kan fẹ̀ tó ínṣì 6 sí 10, ó sì ga tó ínṣì 3 sí 5. Gandingan fẹ̀ tó ínṣì 20 sí 25, etí rẹ̀ kò jìn, ínṣì 5 sí 8. Agung fẹ̀ tó ínṣì 22 sí 24, àmọ́ etí tirẹ̀ jìn gan-an, ínṣì 12 sí 13, ọ̀pọ̀ sì wúwo tó kìlógíráàmù 6 sí 7. Ẹ ro ìwúwo yẹn kí ẹ tó kan pákó tí ẹ máa so ó kọ́.

Ẹ má da ọwọ́ ẹ̀yà méjèèjì pọ̀ lórí ìtàgé. Obìnrin Maranao tó jókòó ti kolintang máa ń rọra gbé ọwọ́ bí ẹni ń jó, ọ̀pá rẹ̀ ní ọ̀ṣọ́ aláràbarà. Ọ̀pá Maguindanao kò ní ọ̀ṣọ́. Orúkọ orin wọn náà yàtọ̀: kapagonor àti kasulampid ti Maranao ni, ẹ kò ní bá wọn lọ́dọ̀ Maguindanao.

---

Ọmọ_Àyàn

Gandingan yẹn ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Gbogbo ibi tí mo bá ti kà nípa rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní agogo tó ń sọ̀rọ̀. Dùndún ń sọ̀rọ̀ nítorí èdè wa ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ìlù kàn ń gbé ohùn náà ni. Èdè Maguindanao kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Kí wá ni agogo mẹ́rin fẹ́ sọ? Lójú tèmi, àpọ́nlé lásán ni.

---

Etí_Agogo

Kì í ṣe àpọ́nlé. Òótọ́ lẹ wí pé èdè náà kò ní ohùn bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tó gbà ń sọ̀rọ̀ fi yàtọ̀. Gbólóhùn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí gbogbo èèyàn àdúgbò mọ̀, ni olùlù ń tẹ̀ lé. Apad ni wọ́n ń pè é. Á fi ọwọ́ lu bí sílébù ṣe gùn tàbí kúrú, á sì fi agogo mẹ́rin tẹ̀ lé bí gbólóhùn náà ṣe ń lọ sókè sódò lẹ́nu. Ẹni tó bá mọ gbólóhùn náà á gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbọ́ orin nìkan.

Ọ̀dọ́ ọkùnrin àti ọ̀dọ́ obìnrin tí àṣà kò gbà kí wọ́n dúró bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbangba ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n tún ń fi í kìlọ̀ bí ewu bá ń bọ̀, torí ìró rẹ̀ ń lọ jìnnà. Ẹ ronú nípa dùndún náà o, ọmọ Àyàn: ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn bára mu pọ̀ nínú èdè wa, òwe àti oríkì tí etí ti mọ̀ ló ń jẹ́ ká gbọ́ èyí tí ìlù ń wí. Àwọn gbára lé irú ìmọ̀ yẹn ju tiwa lọ ni.

---

Ọmọ_Àyàn

Ìyẹn yé mi. A jẹ́ pé ẹni tó kọ́ ọ láti inú fídíò ń lu gandingan, kò ń sọ nǹkan kan.

---

Etí_Agogo

Bẹ́ẹ̀ ni. Ipa rẹ̀ nínú orin lẹ lè kọ́ báyẹn. Apad kò ṣeé kọ́ láìgbọ́ èdè wọn, kí ẹgbẹ́ yín má sì lọ kéde lórí ìtàgé pé àwọn ń fi agogo sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń so ó kọ́: méjì kọjú sí méjì, ìdodo ń wo ìdodo, olùlù wà láàárín. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù, tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù, wà lápá òsì. Ẹ so ó mọ́ òpó tó dúró ṣinṣin kí ẹ sì fa okùn rẹ̀ le, torí bó bá ń fì, ọ̀pá á máa bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo.

---

Ìyá_Ìlù

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tó ń ba orin jẹ́ jù lọ fún ẹgbẹ́ tuntun, kì í ṣe ohùn dùùrù rárá. Férémù ni, àti agung.

Férémù: okùn méjì ló gbé agogo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìdodo kọjú sókè. Bí okùn bá dẹ̀, agogo á rì, etí rẹ̀ á fara kan pákó, á sì máa hó. Òun lẹ máa gbọ́, ẹ ó sì rò pé agogo ló bàjẹ́. Ẹ fa okùn le títí tí ìka yín á fi lè kọjá lábẹ́ etí gbogbo agogo. Ọ̀pá náà: igi tó rọ̀ ni. Igi líle ń dún káńkáń, ó sì ń jẹ ìdodo. Ẹ lu orí ìdodo gan-an, kí ọ̀pá sùn gbọọrọ, kó má nàró. Férémù olówó ní iṣẹ́ ọnà okir lára, ti ilé kéékèèké lè jẹ́ ọparun lásán. Kò kan ohùn.

Agung: ọ̀pá tí wọ́n fi rọ́bà wé lórí ni, balu lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Maguindanao. Pangandungan, tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ń lu ibi tí ìlù ti tẹ ilẹ̀. Panentekan wà lọ́wọ́ òsì, ó nípọn díẹ̀, ohùn rẹ̀ ga, ó ń bọ́ sáàárín ìlù tèkejì. Gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pípa ìró. Bí ẹ bá lù ú tán tí ẹ kò fi ọwọ́ kan án kí ìró náà kú, ìró méjì á gorí ara wọn, ìlù á di ariwo, ẹni tó wà nídìí kulintang kò sì ní gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Olùlù tó mọṣẹ́ ń fi ọwọ́ òsì, ọ̀pá, àní ẹsẹ̀ pa á.

Ẹ mú ẹni tí ìlù rẹ̀ kì í yẹ̀ sídìí babandil. Agogo kékeré ni, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Wọn kì í lu ìdodo rẹ̀. Etí rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ lù. Ìró rẹ̀ gbẹ, ó sì ń la gbogbo ariwo yòókù já, òun ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan ní babandil torí ó dà bí ohun tó rọrùn, bẹ́ẹ̀ bí babandil bá sáré, kò sí ẹni tó lè dá orin náà dúró. Kí gbogbo yín kọ́kọ́ lu babandil títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó pín ara yín.

Dabakan sì ń fẹ́ oòrùn díẹ̀ kí ẹ tó lù ú ní àkókò òjò, torí awọ ń dẹ̀. Awọ ewúrẹ́ ṣe é lò. Awọ awọ́nrínwọ́n ni wọ́n kà sí èyí tó dára jù.

---

Ẹgbẹ́_Orin

Ìjà méjì ló kù láàárín wa. Ẹnì kan ní obìnrin nìkan ló gbọ́dọ̀ lu kulintang. Ẹlòmíì ní a kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé rárá, etí la gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ.

---

Ìyá_Ìlù

Ti obìnrin: àṣà àtijọ́ Maguindanao nìyẹn, kulintang fún obìnrin, agung fún ọkùnrin. Orin ìgbà yẹn ni wọ́n ń pè ní kamamatuan: ó rọra ń lọ, olùlù jókòó jẹ́ẹ́, kò fi ara rẹ̀ hàn. Ìgbà tó di ayé kangungudan, orin àwọn ọ̀dọ́, ọkùnrin wọ̀ ọ́, eré náà yá kánkán, ó di ìdíje, wọ́n ń fi ọ̀pá dárà lọ́wọ́. Ìwọ̀nyí lẹ ń rí jù nínú fídíò. Lọ́dọ̀ Maranao, obìnrin ló ṣì ni ín. Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ lu ti Maranao, ẹ fi obìnrin sídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Maguindanao, ẹ kọ́kọ́ yan èyí tí ẹ fẹ́, àtijọ́ tàbí tuntun, kí ẹ má fi ọwọ́ tuntun lu orin àtijọ́.

---

Etí_Agogo

Ti ìwé: Aga Mayo Butocan, ọmọ Maguindanao tó kọ́ni ní Yunifásítì Filipínì, ló ṣètò bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà kọ ọ́ sílẹ̀, agogo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ onílé ló ṣe é, torí náà ẹ má pè é ní èèwọ̀. Nọ́ńbà sì bá a mu ju dó-rẹ́-mí lọ, torí ipò agogo ló ń sọ, kò sọ ohùn. Nọ́ńbà kan náà á ṣiṣẹ́ lórí ọ̀wọ́ èyíkéyìí.

Ibi tó ti ń kù díẹ̀ káàtó ni pé ìwé ń sọ fún ọ iye ìgbà tí wàá tún ìlà kan ṣe. Olùlù tòótọ́ ló ń pinnu ìyẹn lójú ẹsẹ̀, ó ń wo agung àti àwọn tó ń gbọ́. Danongan Kalanduyan, olùlù kulintang tó jẹ́ ọmọ ìlú Datu Piang ní Mindanao, dé Yunifásítì Washington ní Seattle ní 1976, ó sì kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà títí tó fi kú ní 2016. Ìjọba wọn fún un ní oyè National Heritage Fellowship ní 1995. Usopay Cadar, ọmọ Maranao, náà kọ́ni ní Seattle. Ẹ fi nọ́ńbà rántí ìlà orin. Kí ẹ pa ìwé dé nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń lù pọ̀.

---

Ọmọ_Àyàn

Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè kan. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ṣé àwọn aáfà wọn kì í bá wọn jà lórí ìlù?

---

Ìyá_Ìlù

Ó ní ààlà. Wọn kì í lù ú nínú mọ́ṣáláṣí tàbí nítòsí rẹ̀. Ní oṣù ààwẹ̀, alẹ́ nìkan ni wọ́n gbà á, lásìkò tí wọ́n ń jẹun. Bí ẹni ńlá bá kú, wọ́n á gbé ọ̀pá sílẹ̀ títí ọ̀fọ̀ á fi kọjá. Wọn kì í lù ú nígbà tí iṣẹ́ oko bá gbóná, ìgbà gbíngbìn àti ìgbà ìkórè. Ìgbéyàwó, àlejò pàtàkì àti ọdún ìlú ni àyè rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣeré nínú Ràmàdánì, ẹ fi sí alẹ́.

---

Ẹgbẹ́_Orin

A ti fa okùn le, híhó náà dáwọ́ dúró. Olùdarí ti gbà pé kò sí dó-rẹ́-mí mọ́. Ṣùgbọ́n agogo karùn-ún ṣì wálẹ̀ ju ìkẹrin lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí?

---

Alágbẹ̀dẹ_Idẹ

Rárá. Ẹ̀rí pé ojú ni wọ́n fi tò ó nìyẹn. Agogo tó tóbi ju èkejì lọ díẹ̀ lè ní ohùn tó ga jù ú, bí ara rẹ̀ bá nípọn. Ẹ gbé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kalẹ̀, ẹ fi etí tò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí wọn, kó má rí wọn, kó sì tún fetí sí i. Ó ṣeé ṣe kí ìkẹrin àti ìkarùn-ún ṣe pààrọ̀ lásán.

Bí ẹ bá tò ó tán tí méjì tó fara kanra dún bákan náà gẹ́lẹ́, ìgbà yẹn nìkan ni ẹ lè ronú nípa tongkol. Ẹni tó mọ agogo ni kí ẹ gbé e fún. Kó fi òòlù kékeré lu inú ìdodo èyí tó yẹ kó ga, ìwọ̀nba díẹ̀, kó dá a padà sórí okùn, kó lu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kó tó tún lù ú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, kí ẹ má tún fi ojú tò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e lọ síbi eré.